Ìdajì Ọ̀nà Ni Adágún: Ẹ Bi Wá Nípa Ìrìn Òkè

Lẹ́tà ti pọ̀ lórí tábìlì wa nípa ìrìn ọlọ́jọ́ kan lọ sí adágún orí òkè: ìrìn tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, tó ń gun ẹgbẹ̀rún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń kọjá ibi tí igi ti tán, tó sì gbọ́dọ̀ padà sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ilé lọ́nà, kò sí ẹni tó ń ta omi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í sábà débẹ̀. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, kó ka ti àkọ́kọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Adágún tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ fi kìlómítà 8.5 jìnnà síbi tí mọ́tò ń dúró sí, a ó sì gun mítà 1,250 kí a tó débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní wákàtí 4 ti tó láti lọ bọ̀, nítorí kìlómítà 4 sí 5 là ń rìn ní wákàtí kan lójú títì. Èmi ò gbà. Ta ló jàre? — Oníyèméjì

Ẹ̀yin lẹ jàre. Ọ̀rẹ́ yín ka bí ọ̀nà ṣe jìn, kò ka bó ṣe ga. Lọ́dún 1892 ni William Naismith, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn arìnkè ṣì ń lò dòní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ sì fi wákàtí 1 mìíràn lé e fún gbogbo mítà 600 tí ẹ bá gùn. Ní tiyín, kìlómítà 8.5 á gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 42. Mítà 1,250 á gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 47, ìyẹn àlọ nìkan. Kò sí ìsinmi nínú rẹ̀, kò sí fọ́tò, kò sí bàtà títún dè, ẹlẹ́sẹ̀ líle ló sì wà fún. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un, á wá di nǹkan bíi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 45.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé sísọ̀kalẹ̀ á yá ní ìlọ́po méjì. Kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́ tí òkúta sì pọ̀, torí pé orúnkún tó ti rẹ̀ ló ń ṣe bíréèkì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò àlọ ni kí ẹ kà á sí, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún ìjókòó létí adágún, ọjọ́ yín ti di wákàtí 9.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni aago ìpadà. Ẹ wo ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní aago 7:30 alẹ́ ni. Ẹ yọ wákàtí 2 kúrò fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀, ó ku 5:30. Ẹ yọ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10 ti ìsọ̀kalẹ̀, ó ku 2:20. Bí aago 2:20 bá ti lù, ẹ yí padà, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti ń gbóòórùn omi adágún náà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí orí òkè kọ́ ni èèyàn ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn lórí aago: ẹni tó bá ti gun òkè fún wákàtí 5 máa ń rí ìdí tó fi yẹ kó fi ìṣẹ́jú 40 kún un.

Ẹ má sì dúró dìgbà yẹn kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti pẹ́. Ní ìṣirò tí a ṣe yìí, mítà 300 àkọ́kọ́ yẹ kó gbà yín ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 8 tàbí súnmọ́ ọn. Bó bá gbà yín ní wákàtí kan àtààbọ̀, mítà 200 lẹ ń gùn ní wákàtí kan nìyẹn, gbogbo òkè náà á sì gbà yín ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó gbéra ní aago 7 á dé adágún ní 1:15. Ó ṣì bọ́ sí i. Ẹni tó gbéra ní aago 9 kò lè débẹ̀ kí aago ìpadà tó lù, kó yáa wá ibi mìíràn tó dáa jókòó sí.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ìparí ọ̀nà adágún ló máa ń ga jù? Gbogbo ìgbà tí mo bá rò pé mo ti dé, òkè mìíràn ló ń yọ. — Ẹlẹ́sẹ̀ Ríro

Kì í ṣe ojú yín ló ń tàn yín. Ọ̀pọ̀ adágún orí òkè wà nínú ihò tó rí bí agbada, tí òkìtì omi dídì ńlá ti ayé ìgbàanì gbẹ́ sínú àpáta bó ṣe ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ẹnu agbada náà ni àpáta tàbí òkúta tí omi dídì náà tì jọ ti ga bí ìdènà. Ìdènà yẹn ló dá omi dúró, òun náà lẹ sì ń gùn ní ìparí. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí adágún títí ẹsẹ̀ yín á fi tẹ ẹnu agbada.

Máàpù máa ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú. Lórí máàpù 1:25,000, sẹ̀ǹtímítà 4 ni kìlómítà 1. Ẹ wá àwọn ìlà gíga, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga tó hàn, tó wà létí àwọ̀ omi. Bí ìlà kan bá dúró fún mítà 10, tí ẹ sì ka ìlà 30 nínú sẹ̀ǹtímítà 2, a jẹ́ pé mítà 300 lẹ máa gùn nínú mítà 500 ilẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó ìwọ̀n dígírì 31 nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gùn tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ jẹun ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó débẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí òkè náà lẹ ti jẹun, á wú yín nínú.

Ohun kan náà yìí ló fà á tí àwọn adágún kan fi ní àwọ̀ búlúù tó dà bí ọ̀dà: àpáta tí omi dídì lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun ló rọ̀ sínú omi tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Adágún Peyto ní Kánádà jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn wúlò fún wa láti rántí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ omi mímu.

Nísàlẹ̀, ooru ń mú wa láàgùn. Ṣé dandan ni aṣọ òtútù? Ẹrù ti wúwo jù. — Ọlọ́rùn Tẹ́ẹ́rẹ́

Dandan ni. Ojú ọjọ́ máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6.5 fún gbogbo mítà 1,000. Bí ó bá jẹ́ 24 níbi tí mọ́tò wà, 16 ni yóò jẹ́ bí ẹ bá gun mítà 1,250, kí atẹ́gùn tó dé sí i. Àágùn tó ti rin aṣọ yín wá di omi tútù lára yín bí ẹ bá ti jókòó.

Nítorí náà, òwú kọ́ ni kó kan ara. Òwú máa ń mu omi, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Irun àgùntàn tàbí pọlísítà ló dára. Lórí rẹ̀, aṣọ kan tó ń múni gbóná, lórí ìyẹn, aṣọ òjò tí omi kò lè là kọjá. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ kò wúwo tó gíráàmù 150. Bí ẹ bá fẹ́ dín ẹrù kù, inú ìgò omi ni kí ẹ ti dín in: lítà 1 jẹ́ kìlógíráàmù 1. Níbi tí odò bá wà lọ́nà, lítà 1.5 àti asẹ́ omi sàn ju lítà 4 lọ.

Àwọn ohun kékeré tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sílé: tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú orí (kì í ṣe ti fóònù), fèrè, báńdéèjì, máàpù oníwèé, kọ́ńpáàsì, àti aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán. Ẹ̀pà, búrẹ́dì, èso gbígbẹ, ṣokoléètì: díẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 45, kí ẹ má dúró de ebi.

Adágún tí mo fẹ́ lọ ga tó mítà 3,200. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni mò ń gbé. Bí orí bá ń fọ́ mi lókè, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá òùngbẹ ni tàbí gíga? — Bàbá Ọlọ́mọ Méjì

Ẹ mu ìdajì lítà omi, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀, ẹ jókòó síbi ìbòòji fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá lọ, òùngbẹ tàbí oòrùn ni. Bó bá ṣì wà, tí èébì ń gbé yín, tí oúnjẹ kò wù yín, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ kà á sí àìsàn orí òkè. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní mítà 3,000, agbára afẹ́fẹ́ kò ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti etí òkun lọ, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ń rí lò sì dín kù bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé àìsàn yìí máa ń pẹ́ kó tó fara hàn, láti wákàtí 2 títí dé 12. Ara ẹni lè le koko létí adágún kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lójú ọ̀nà ìpadà. Kí ẹni tí orí ń fọ́ má ṣe gùn sí i. Kó má ṣe lo oògùn orí fífọ́ láti fi ra ọ̀nà síwájú. Bí kò bá rọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Mítà 300 sí 1,000 sábà máa ń tó.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìjókòó rárá: ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí kò lè rìn tààrà, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹni tó ń mí helehele lórí ìjókòó tàbí tó ń wúkọ́ itọ́ olómi pupa. Ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń gba omi sára. Ìsàlẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan máa dì í mú, kí ẹ sì wá dókítà. Bí ẹ bá ráyè, ẹ sun oorun òru kan ní nǹkan bíi mítà 2,000 sí 2,500 kí ọjọ́ ìrìn tó kò. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dáwọ́ lé e.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ló dúdú lẹ́yìn ìrìn tó kọjá. Bàtà mi kò fún mi rárá. — Ọmọ Yín

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣe é. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ síwájú, ọmọ ìka ń gbá iwájú bàtà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí o bá ti wọ bàtà láìde okùn, tí o ti ẹsẹ̀ síwájú, ìka ọwọ́ kan yẹ kó lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Gé èékánná ní ọjọ́ méjì ṣáájú, má gé e dé ẹran. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, tún okùn dè: rọra dẹ̀ ẹ́ lórí àwọn ọmọ ìka, kí o fún un dáadáa níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má lè kúrò láyè rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni.

Ìléròrò kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi nínú. Ibì kan á kọ́kọ́ gbóná. Ìgbà yẹn ni kí o dúró, kí o nu ibẹ̀ gbẹ, kí o lẹ báńdéèjì tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Ojú máa ń tini láti dá àwọn ẹgbẹ́ dúró fún ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Má tijú.

Omi adágún mọ́ gaara, ó tutù, kò sí ilé lókè rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń dẹ́rù bà wá ni? — Òùngbẹ

Ẹranko wà lókè rẹ̀, èèyàn náà sì wà. Ojú kì í rí Giardia, kòkòrò àrùn inú omi tó ń da inú rú, òtútù kì í sì í pa á. Ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í mọ̀ pé omi òkè ni.

Asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 0.2 lọ máa ń mú Giardia àti bakitéríà, kì í mú fáírọ́ọ̀sì. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìyẹ̀fun àpáta tí a mẹ́nu bà lókè: á dí ihò rẹ̀ pa. Ẹ kọ́kọ́ pọn omi náà sínú ìgò kan kó tòrò, tàbí kí ẹ lo odò tó mọ́ tó ń ṣàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Èkejì ni òtútù tó ń sọ omi di dídì: bí asẹ́ tó ti mu omi bá dì, ó lè là nínú láìjẹ́ pé ẹ rí i, á sì máa jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá. Ní òwúrọ̀ tútù, inú àpò aṣọ ara ni kó wà.

Bó bá jẹ́ sísè, ìṣẹ́jú 1 tí omi bá ti hó tó nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 3 ni bí ẹ bá ti kọjá mítà 2,000, nítorí omi máa ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná tó ti ìsàlẹ̀.

A fẹ́ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru. Wọ́n ní yìnyín ṣì wà lójú ọ̀nà, odò kan náà wà tí kò ní afárá. — Àwa Mẹ́rin

Ẹ tètè lọ nítorí odò, ṣùgbọ́n ẹ má tètè jù nítorí yìnyín. Odò tí yíyọ́ yìnyín ń bọ́ máa ń kéré jù ní àárọ̀, á wá kún ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ yín ní aago 7 lè dé itan ní aago 5, ẹ̀yin sì ni ẹ máa tún un là kọjá. Ẹ wá ibi tó fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni omi kì í jìn. Ẹ tú bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn kó má bàa rì yín bí ẹ bá ṣubú. Ẹ dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ẹ máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Bí omi tó ń yára bá ti kọjá orúnkún, ẹ padà.

Ti yìnyín yàtọ̀. Láàárọ̀ ó lè le bí gíláàsì, lọ́sàn-án ẹsẹ̀ á máa rì sínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé e: bí mo bá yọ̀, níbo ni n ó ti dúró? Bó bá jẹ́ koríko pẹrẹsẹ, ẹ so irin eléyín mọ́ bàtà, ẹ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àpáta, ọ̀gbun tàbí adágún fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ìrìn yín parí síbẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ní àáké yìnyín tí wọ́n sì ti kọ́ yín ní lílò rẹ̀. Ẹ yẹra fún etí àpáta àti ibi tí ẹ bá ti ń gbọ́ omi lábẹ́ yìnyín. Ihò ló wà níbẹ̀.

Ní ti àwọn òkúta ńlá tó wó jọ, ẹ fi ẹsẹ̀ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbé ara lé e, àní èyí tó tóbi bíi tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà ní ìsàlẹ̀ ẹlòmíràn gan-an. Bí òkúta bá já, kí ẹni tó já a pariwo, kó má kọ́kọ́ wo ibi tó ń lọ.

Ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? — Ẹja

Fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, létí omi, níbi tí ẹsẹ̀ kàn ilẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ń wò yín. Má fò wọ̀ ọ́. Omi tó tutù bẹ́ẹ̀ máa ń fipá mú èèyàn mí gàà, bí orí bá sì wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ló máa fà sínú. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, apá á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ti òmùwẹ̀ pàápàá. Ẹ fọ ìpara oòrùn kúrò lára jìnnà sí adágún kí ẹ tó wọ inú rẹ̀.

Kí ni ká ṣe bí àrá bá bá wa lókè? — Ojo

Ẹ ti pẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá ti ń bi wá lókè. Níbi tí òjò ọ̀sán ti wọ́pọ̀, kí aago ìpadà yín má kọjá ọ̀sán gangan, ohun yòówù tí ìṣirò ìwọ̀ oòrùn ìbá sọ. Ẹ máa wo ìkùukùu tó bá ń ga sókè bí òkìtì. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán, ẹ fi 3 pín in: iye kìlómítà nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí kó dín, ẹ ti wà ní ibi tó lè bá yín.

Ẹ kúrò létí omi, ẹ kúrò lórí góńgó, ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tàbí sábẹ́ àpáta tó yọ síta. Igbó tí àwọn igi rẹ̀ ga dọ́gba, nísàlẹ̀, ló sàn. Kí ẹ jìnnà síra, ó kéré tán mítà 15, kí mànàmáná kan má bàa mú gbogbo yín. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ tó padà sí gbangba.

Ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? — Onítìjú

Mítà 60 sí omi àti sí ojú ọ̀nà, nínú ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Lókè ibi tí igi ti tán, iyẹ̀pẹ̀ kì í tó, kò sì ní jẹrà: inú àpò ọ̀rá ni, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bébà náà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ò fẹ́ kí n lọ nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í débẹ̀. Kí ni n ó sọ fún un? — Ọkọ Ìyàwó

Ẹ má sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: orúkọ ọ̀nà, ibi tí mọ́tò máa wà, iye ẹni tí ẹ jọ ń lọ, aago ìpadà, àti aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ pe àwọn olùgbàlà bí wọn kò bá gbúròó yín. Ẹ fi wákàtí 2 tàbí 3 sáàárín ìgbà tí ẹ rò pé ẹ máa dé àti aago ìpè yìí, kí wọ́n má bàa da àwọn olùgbàlà láàmú lásán.

Fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá a kiri títí bátìrì á fi tán, òtútù náà á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. GPS á ṣì máa ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ti gba máàpù sórí rẹ̀ nílé. Àpò tó súnmọ́ ara ni kó wà.

Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ padà síbi tí ọ̀nà ti dá yín lójú gbẹ̀yìn. Ẹ má tẹ̀ lé odò sísàlẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ó máa ja ìlú: orí òkè, etí ọ̀gbun ni odò sábà máa ń já sí. Kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù máa ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má dá padà.

Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹ fọn fèrè ní ìgbà 6 nínú ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 3 nínú ìṣẹ́jú kan ni ìdáhùn. Àmì àwọn òkè Yúróòpù nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, fífọn ìgbà 3 ló ń túmọ̀ sí ẹ gbà wá. Bí hẹlikópítà bá dé, apá méjèèjì sókè ni bẹ́ẹ̀ ni, a nílò yín. Apá kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, rárá ni.

Bí ẹ bá wá padà débi mọ́tò láyọ̀, ẹ pe ìyàwó yín kí ẹ tó bọ́ bàtà, tàbí kí ẹ wakọ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé kí ẹ tó jókòó jẹun. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àwọn olùgbàlà ń wá lóru ló ti ń sùn lórí ibùsùn wọn.